Ẹ dìde lórí àga yẹn: bí wọ́n ṣe ń sinmi díẹ̀ láàárín iṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sídìí máṣíìnì. Àwa télọ̀ ni mo ní lọ́kàn jù tí mo fi fẹ́ kọ èyí torí iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ránṣọ, àmọ́ tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ̀ ń tẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, tàbí ẹ̀ ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù níbi tẹ́ ẹ kì í ti í dìde, ẹ máa bá mi bọ̀, ó kàn yín.

Ọdún kan ni, inú December. Ẹ mọ bí December ṣe máa ń rí, tí gbogbo ayé á fẹ́ ṣègbéyàwó lọ́jọ́ kan náà. Aṣọ ẹbí 18 ló wà nílẹ̀ fún ọjọ́ Sátidé, Ọjọ́bọ̀ la wà yẹn, mo ti jókòó láti aago mẹ́jọ àárọ̀, yàtọ̀ sí ìgbà tí mo lọ tọ̀ mi ò dìde, kódà oúnjẹ tí ọmọ iṣẹ́ gbé wá, ìdí máṣíìnì náà ni mo ti jẹ ẹ́, ọwọ́ kan nínú àwo, ọwọ́ kejì lórí aṣọ. Nígbà tó di nǹkan bí aago kan òru, mo tẹ́ léèsì ìyá ìyàwó sórí tábìlì kí n gé apá. Mo gé ọ̀kan, mo gé ìkejì, mo ní kí n wá so wọ́n mọ́ bùbá. Apá òsì méjì ni mo gé. Léèsì yẹn lójú, ó lẹ́yìn, ẹ ò lè sọ pé ẹ máa dojú ẹ̀ dé, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣẹ́ kù tó apá kankan mọ́. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, jẹ́nẹ́rétọ̀ ń pariwo níta, omijé ń dà lójú mi.

Ilẹ̀ mọ́, mo gba ọjà lọ, mo rìn títí, mo rí èyí tó jọ ọ́ àmọ́ kì í ṣe òun gan-an, àwọ̀ ẹ̀ fi díẹ̀ pupa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òun ni mo fi rán apá méjèèjì. Nígbà tí màmá dé, wọ́n wo apá yẹn, wọ́n wò mí, wọ́n ní "Ìyá Dàmọ́lá, ẹ ṣé o," wọn ò sọ nǹkan míì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo ní mi ò ráyè fi sinmi lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, odidi ọjọ́ Ẹtì ló gbà lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú owó léèsì. Àtìgbà yẹn ni mo ti mú ọ̀rọ̀ ìsinmi bí apá kan nínú iṣẹ́, bí ìgbà téèyàn ń lọ aṣọ tàbí tó ń wọn aṣọ, kì í ṣe nǹkan téèyàn ń ṣe tó bá ráyè.

Kí là ń pè ní ìsinmi ráńpẹ́ gan-an?

Kéèyàn dá iṣẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú kan, ó lè tó ogún ìṣẹ́jú, kí ara máa ṣe nǹkan tó yàtọ̀ sí èyí tó ti ń ṣe bọ̀, lẹ́yìn náà kó padà sídìí iṣẹ́. Ó tán. Àmọ́ ẹ gbọ́ ibi tí mo ti ní "tó yàtọ̀" yẹn dáadáa o, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í. Ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ tó wá ní òun fẹ́ sinmi, tó mú fóònù, kò tíì sinmi, ojú ẹ̀ ṣì ń wo iná, ọrùn ẹ̀ ṣì tẹ̀. Bírìkìlà tó ti ń gbé búlọ́ọ̀kù láti aago méje, ìjókòó ni ìsinmi tiẹ̀. Onídìrí tó ti wà lórí ìdúró, kó jókòó kó gbé ẹsẹ̀ sókè. Èmi tí mo jókòó, ìdúró ni ìsinmi tèmi. Nítorí náà ẹ má wo bí ẹlòmíì ṣe ń sinmi kẹ́ ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ lẹ máa ṣe é, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí ni mo ti ń fi ara mi ṣe láti àárọ̀, kẹ́ ẹ wá ṣe òdìkejì ẹ̀.

Àwọn baba wa mọ èyí dáadáa. Ẹni tó bá lọ sóko láàárọ̀ kùtù, tó bá ti di ọ̀sán gangan tí oòrùn mú, á bọ́ sábẹ́ igi tàbí kó wọ abà, á sun iṣu, á mu omi, á na ẹ̀yìn díẹ̀, tí oòrùn bá rọlẹ̀ á tún gbé ọkọ́. Kò sẹ́ni tó máa pè é ní ọ̀lẹ. Àní èdè wa gan-an ní ìkíni fún un, tẹ́ ẹ bá bá èèyàn níbi tó ti ń sinmi, "ẹ kú ìsinmi o" lẹ máa kí i, bẹ́ ẹ ṣe máa kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ pé "ẹ kú iṣẹ́". Ọgbọọgba ni wọ́n kí àwọn méjèèjì. Àwa tá a wá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé, tá a ní fáànù, tá ò rí oòrùn tó máa lé wa sábẹ́ igi, àwa la wá gbàgbé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sára tẹ́ ò bá dìde

Mo fẹ́ sọ èyí díẹ̀ torí tẹ́ ẹ bá mọ ìdí ẹ̀, ẹ ò ní máa rò pé eré lásán ni. Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀, àmọ́ kí ẹ̀jẹ̀ yẹn tó lè gòkè padà, ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun ló máa ń fún un sókè, ìyẹn nígbà tẹ́ ẹ bá ń rìn tàbí tẹ́ ẹ bá ń gbé gìgísẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá ká ẹsẹ̀ sábẹ́ máṣíìnì fún wákàtí mẹ́rin, ẹran yẹn ò ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ á máa fà, ẹsẹ̀ á wú, bàtà tẹ́ ẹ wọ̀ wá láàárọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fún yín ní ìrọ̀lẹ́. Àwa tá a ń lo máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tiẹ̀ sàn díẹ̀ torí à ń tẹ pẹ́dà, àwọn tó ń lo oníná ló yẹ kó ṣọ́ra jù.

Orí àgbàlagbà wọ̀n tó nǹkan bíi kílò 5. Ẹ fojú inú wò ó, bí ìgò omi lítà kan márùn-ún. Tó bá jókòó gírígírí lórí ọrùn, kò sí wàhálà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ síwájú láti wo abẹ́rẹ́, iṣan ẹ̀yìn ọrùn àti ti èjìká ló ń fà á dání kó má ṣubú, wọ́n á máa fà á lọ bẹ́ẹ̀ láìsí ìsinmi, òun ló fà á tí ibi èjìká yẹn fi máa ń le gbagidi lálẹ́ tẹ́ ẹ máa ní kọ́mọ wá bá yín tẹ̀ ẹ́.

Ojú náà ńkọ́? Ojú wa máa ń ṣẹ́ nǹkan bí ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú kan láìjẹ́ pé a mọ̀, ṣíṣẹ́ tó ń ṣẹ́ yẹn ló ń fi omi pa ojú. Téèyàn bá tẹjú mọ́ nǹkan kékeré tàbí iná kọ̀ǹpútà, kì í ṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ojú á gbẹ, á máa ta bí ẹni tí iyanrìn kó sójú ẹ̀. Ṣé ẹ ti rán aṣọ dúdú pẹ̀lú òwú dúdú lálẹ́ rí? Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ó wá ku ti ọpọlọ, òun ló sì léwu jù fún iṣẹ́ wa, torí ẹsẹ̀ tó wú á pe yín, ọpọlọ tó ti rẹ̀ kì í pe èèyàn. Ńṣe lẹ máa rò pé ẹ ṣì wà dáadáa. Apá òsì méjì lẹ máa fi mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ibi tí iṣẹ́ ti lè dúró

Kò dáa kéèyàn kàn ju aṣọ sílẹ̀ kó dìde. Ẹ má dìde láàárín gígé o, ẹ gé apá yẹn tán kẹ́ ẹ tó fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Ibi tó dáa jù láti dúró ni ìparí ojú rírán kan, bóyá ẹ ti so èjìká tán, tàbí ẹ ti fi síìpù sí i tán. Tó bá pọn dandan kẹ́ ẹ dúró láàárín ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ wọlé sínú aṣọ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ máṣíìnì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, aṣọ ò ní yẹ̀, tẹ́ ẹ bá padà dé ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ lọ ni.

Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ tó dìde, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ohun tó kàn sórí ègé aṣọ kékeré, ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré: "ó ku ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn", "apá òsì ló kàn", bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa ń mú kéèyàn bẹ̀rù láti sinmi ni pé ó rò pé tóun bá dìde òun á gbàgbé ibi tóun dé. Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, ọkàn yín á fúyẹ́, ẹ ò ní máa gbé iṣẹ́ yẹn káàkiri nínú orí níbi tẹ́ ẹ ti ń sinmi. Èmi tiẹ̀ ti fi kún un, gbogbo apá aṣọ tí mo bá gé láti ìgbà tí mo sọ yẹn, mo máa ń kọ Ọ̀ sẹ́yìn apá ọ̀tún, mo sì máa ń kọ S sẹ́yìn tòsì, kí n tó kúrò nídìí tábìlì. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì lè kọ tiẹ̀ sórí bébà kékeré kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kọ̀ǹpútà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá nǹkan tó máa lé yín dìde

Ẹ má dúró kó rẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó sinmi. Tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé ó rẹ̀ yín, ó ti pẹ́ tó ti rẹ̀ yín. Ẹ máa rí i pé lọ́wọ́ ìparí wákàtí kejì, ẹ ti ń tú aṣọ ju bẹ́ ẹ ṣe ń rán an lọ.

Tèmi o, bọ́bìnì, ìyẹn nǹkan róbótó tá a ń ká òwú abẹ́ máṣíìnì sí, ni mo fi ń mọ̀. Tí òwú inú bọ́bìnì bá tán, mi ò ní ká òmíràn lójú ẹsẹ̀, mo máa dìde ná. Tó bá jẹ́ ojú rírán lásán ni mò ń ṣe, bọ́bìnì kan lè gbé mi fún bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan, ìyẹn sì bá ara mi mu gan-an ni. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ ti dúró fúnra ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mi ò gé e níbì kankan. Àmọ́ kò ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ tí mo bá ń gé aṣọ tàbí tí mò ń lẹ òkúta mọ́ aṣọ, ọjọ́ yẹn aago fóònù ni mo ń lò.

Ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan wà tó ń jẹ́ Francesco Cirillo, ìparí àwọn ọdún 1980 ni, ọmọ yunifásítì ni nígbà yẹn, kàwé kàwé kò wọlé, ló bá mú aago kékeré tí wọ́n ń lò ní kíṣìnì, èyí tí wọ́n ṣe bíi tòmátì, ó fi ń ka àkókò. Ìṣẹ́jú 25 ló fi ń kàwé, ìṣẹ́jú 5 ló fi ń sinmi, tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin á wá sinmi tó gùn díẹ̀, bí ìṣẹ́jú 15 sí 30. Pomodoro ni wọ́n ń pè é, ìyẹn tòmátì lédè wọn. Àwọn tó ń kàwé ìdánwò àtàwọn tó ń kọ nǹkan, ó dáa fún yín. Fún télọ̀, ìṣẹ́jú 25 kéré lójú mi, kọ́là kan lásán lè gbà á tán, àmọ́ ẹ dán an wò kẹ́ ẹ fi kún un bó bá ṣe bá yín mu. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó kọjá wákàtí kan.

NEPA náà máa ń bá wa lé ara wa dìde. Tí iná bá lọ, ẹ má sáré sídìí jẹ́nẹ́rétọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn na ara ná.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ohun tẹ́ ẹ máa ṣe tẹ́ ẹ bá dìde

Ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ má dúró sídìí máṣíìnì, ẹ kúrò níbẹ̀ kí ojú yín má rí aṣọ tó ku.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ojú lẹ kọ́kọ́ máa sinmi. Ẹ wá nǹkan tó jìnnà, orí igi tàbí òrùlé ilé tó wà níwájú, ẹ wò ó jẹ́jẹ́, ẹ máa ṣẹ́jú. Àwọn dókítà ojú ní ìlànà kan tó rọrùn fún àwọn tó ń wo kọ̀ǹpútà: ní gbogbo ìṣẹ́jú 20, kẹ́ ẹ wo nǹkan tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ìyẹn bíi mítà 6, fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Kò tiẹ̀ gba kẹ́ ẹ dìde. Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ bá kọjú sí ògiri, ẹ tún àga yín tò kẹ́ ẹ lè máa rí ìta, owó kankan ò lọ síbẹ̀.

Lẹ́yìn ojú, ó kan èjìká. Ẹ gbé èjìká méjèèjì sókè bí ẹni fẹ́ fi kan etí, ẹ dá a dúró bíi kíkà márùn-ún, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kó já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ wá yí wọn sẹ́yìn, kì í ṣe síwájú o, torí iwájú la ti ń tẹ̀ sí láti àárọ̀. Ẹ rọra da orí sápá ọ̀tún kí etí máa sún mọ́ èjìká, ẹ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dà á sí òsì. Ẹ má fi ipá yí ọrùn pó, mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn kí egungun dún, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ di ìbàdí mú lẹ́yìn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kẹ́ ẹ tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kẹ́ ẹ wo òkè. Ẹni tó bá ti jókòó fún wákàtí kan máa gbọ́ adùn èyí.

Ọwọ́ wá kù. Àtàǹpàkò tá a fi ń lo àlùmọ́gàjí máa ń jìyà, ẹ la gbogbo ìka bí ẹni fẹ́ di igbá ńlá mú, ẹ di í, ẹ tún la á, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ na ọwọ́ kan síwájú kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, ẹ fi ọwọ́ kejì rọra fa ìka yẹn sísàlẹ̀ títí tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ ọ́n lábẹ́ apá. Ẹ wá gbé gìgísẹ̀ sókè sódò bí ìgbà ogún kí ẹ̀jẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan lè gòkè.

Omi. Ẹ mu omi, ife kan. Àwọn télọ̀ kan kì í mu omi torí wọn ò fẹ́ dìde lọ tọ̀, mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kò bọ́gbọ́n mu. Omi tẹ́ ẹ mu yẹn náà ló máa lé yín dìde lẹ́ẹ̀kan sí i, èrè méjì ni. Ẹ sì gbé ife jìnnà sí aṣọ, mi ò ní kẹ́ ẹ fi omi ba aṣọ oníbàárà jẹ́.

Gbogbo ẹ̀ pátápátá, tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ọ́n ṣe, kò lè gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: fóònù, ẹ fi sílẹ̀

Ẹ fi sínú dúrọ́ọ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí WhatsApp nígbà ìsinmi, ìṣẹ́jú márùn-ún á di ogún, ọrùn á tún tẹ̀, ọkàn yín á sì padà pẹ̀lú ìjà tẹ́ ẹ kà ní sítátọ́ọ̀sì ẹlòmíì. Ẹ yan àkókò kan fún fóònù lọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọ̀sán

Ìsinmi ọ̀sán yàtọ̀, òun ló gbọ́dọ̀ gùn jù. Ẹ jẹun kúrò nídìí iṣẹ́. Mo mọ̀ pé àwa tá a wà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré máa sọ pé níbo, ẹ gbé àga síta, tàbí kẹ́ ẹ kàn kẹ̀yìn sí máṣíìnì. Téèyàn bá ń jẹun tó tún ń ṣiṣẹ́, kò ní mọ̀gbà tó yó, epo ọbẹ̀ á sì rí aṣọ funfun.

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ sùn díẹ̀. Ẹ gbọ́, díẹ̀ ni mo wí. Ìṣẹ́jú 10 sí 20 tó. Tó bá ti kọjá ìdajì wákàtí, oorun á ti wọra, tẹ́ ẹ bá jí orí á wúwo, ojú á ṣú, ẹ lè lo ìdajì wákàtí míì kẹ́ ẹ tó mọ ibi tẹ́ ẹ wà. Àwọn NASA, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìrìn àjò òfuurufú lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, dán oorun ráńpẹ́ wò lára àwọn tó ń wa ọkọ̀ òfuurufú lọ sọ́nà jíjìn, àwọn tí wọ́n fún láyè láti sùn, tí oorun wọn jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 26, ojú wọn là ju tàwọn tí kò sùn lọ nígbà tó kù díẹ̀ kí ọkọ̀ balẹ̀. Tí wọ́n bá lè fún ẹni tó ń wa bàálù láyè, ta ni èmi tí mo ń rán ìró?

Bí mo ṣe ń ṣe é: mo máa tẹ́ ẹní sẹ́yìn tábìlì gígé, mo máa yí aago sí ìṣẹ́jú 20, mo máa fi gèlè bo ojú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mọ̀ pé tí mo bá ti bo ojú, kí oníbàárà tó bá dé jókòó díẹ̀. Nígbà míì oorun ò wá, mo kàn dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe é lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán o, tàbí kí oorun alẹ́ sá fún yín.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ ò gbọdọ̀ jókòó tí ọ̀gá bá ń ránṣọ lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá sì jókòó sídìí máṣíìnì ẹ ò gbọdọ̀ dìde títí aṣọ yẹn á fi tán. Ẹni tó bá na ara, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. A gbà á bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo ti wá di ọ̀gá báyìí, mo sì ń sọ ọ́ láti ọkàn mi, kò dáa. Ọmọ tí ebi ń pa, tó ti ń tòògbé, tẹ́ ẹ wá gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé lọ́wọ́, ẹ̀yin àti aṣọ oníbàárà lẹ jọ wà nínú ewu, kí n má tíì sọ ti ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Òfin ilẹ̀ wa gan-an kò gbè yín lẹ́yìn. Labour Act ti Nàìjíríà, èyí tó ti wà látọdún 1974, abala 13 ẹ̀ sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ rí àkókò ìsinmi tí àpapọ̀ ẹ̀ kò ní dín ní wákàtí kan, kó sì ní ọjọ́ ìsinmi kan, wákàtí 24 gbáko, láàárín ọjọ́ 7. Lójú tèmi, ohun tó tọ́ sí òṣìṣẹ́ olówó oṣù tọ́ sí ọmọ iṣẹ́. Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, tẹ́ ẹ máa ń so ṣíìfù pọ̀, òfin tọdún 1998 tiyín sọ pé tí iṣẹ́ bá ti ju wákàtí 6 lọ lójúmọ́, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi ìṣẹ́jú 20 tí wọn ò ní fi iṣẹ́ dí yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ lò ó, ẹ má fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Tẹ́ ẹ bá ń wakọ̀ lọ rajà

Àwa kan máa ń jí wakọ̀ láti Ìbàdàn tàbí Òṣogbo lọ sí Balógun ní Èkó, ká ra aṣọ, ká padà lọ́jọ́ kan náà. Ìwé ìlànà ojú pópó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kéèyàn sinmi ó kéré tán ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn wákàtí 2 tó bá ti ń wakọ̀, mo sì gbà pé ó yẹ káwa náà lò ó, torí ọ̀nà tiwa nira ju tiwọn lọ, gosiló nìkan ti tó láti tán agbára èèyàn. Tí ojú bá ti ń wúwo, tẹ́ ẹ ò rántí bẹ́ ẹ ṣe kọjá ìlú tó kẹ́yìn, fèrèsé ṣíṣí àti orin líle ò lè gbà yín. Ẹ wá ibi tí iná wà tí èèyàn wà, ilé epo tàbí gáréèjì, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ igbó o, ẹ mu kọfí, ẹ tilẹ̀kùn ọkọ̀, ẹ sùn bí ìṣẹ́jú 15. Kọfí yẹn á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń jí.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dá oníbàárà lóhùn

Èyí ló ń ni àwa télọ̀ lára jù. Oníbàárà á dé, á bá yín lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ ẹ ń ju èjìká, á ní "Àǹtí, aṣọ mi ò tíì tán, ẹ wá dúró?" Ẹ má bínú, ẹ má sì sáré padà bí ẹni tó jalè. Mo máa ń sọ pé, "Ẹ máa bínú màmá, ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi ń na ara kí ojú mi lè mọ́lẹ̀ lórí aṣọ yín, ẹ jókòó, mò ń bọ̀." Ọ̀pọ̀ wọn á ní "ẹ kú ìsinmi o," wọ́n á jókòó. Ẹni tó bá ti rí i tí télọ̀ ba aṣọ òun jẹ́ rí kò ní jiyàn.

Ọ̀nà míì ni pé kẹ́ ẹ má gba iṣẹ́ tó máa pa yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá ọjọ́ fún oníbàárà, ẹ ka ìsinmi mọ́ ọn. Tí bùbá àtìró bá máa gbà yín ní wákàtí mẹ́rin, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní wákàtí márùn-ún. December ni kẹ́ ẹ rọ̀ mọ́ èyí jù, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an la máa ń kọ́kọ́ gbàgbé ẹ̀.

Ìgbà tí ìsinmi nìkan ò tó

Tí ẹsẹ̀ kan bá wú tí èkejì ò wú, tó ń dun yín lẹ́yìn ojúgun, tó gbóná, ẹ má fi òróró pa á, ẹ gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀. Tí ìka bá ń kú tipiri lóru tó ń jí yín lójú oorun, tàbí tẹ́ ẹ ò lè di abẹ́rẹ́ mú dáadáa mọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà wo ọrùn ọwọ́ yín. Tí ojú bá ń ṣú léraléra, ẹ lọ yẹ ojú wò, ó lè jẹ́ awò lẹ nílò, ó sì lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n á yẹ ìyẹn náà wò. Tí àyà bá ń dùn yín tàbí èémí ń ṣòro, ẹ má tiẹ̀ dúró ka ìyókù ohun tí mo kọ, ẹ máa lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ kékeré

Ẹ má kó gbogbo ẹ̀ bọ orí lọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bọ́bìnì nìkan: tó bá tán, ẹ dìde, ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà, ẹ wo ọ̀ọ́kán, ẹ padà. Tó bá ti mọ́ yín lára, ẹ fi ti èjìká àti ọwọ́ kún un. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni kẹ́ ẹ tó ronú oorun ọ̀sán.

Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, ẹni tí bọ́bìnì tiẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ló máa pariwo "ó tán o!", gbogbo máṣíìnì á dákẹ́, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jáde síta. Èyí tó kéré jù nínú wọn kò tíì lo oṣù mẹ́ta níbí, ọ̀pẹ kan wà lókèèrè lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, òun ló máa ń wò, ó ti ń ka iye ẹyẹ ẹ̀gà tó wà lórí ẹ̀, lánàá ó ní wọ́n ti di mọ́kànlá.